Òjé Nínú Agbo Ilé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Àwọn Ọmọdé Zamfara, 2010 sí 2013

Oṣù kẹta ọdún 2010 ni àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ MSF (Médecins Sans Frontières, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ kárí ayé), tí wọ́n ń ṣọ́ àrùn yírunyírun kiri ìpínlẹ̀ Zamfara, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan, ikú ọ̀hún ò sì jọ ti yírunyírun. Gìrì ló ń gbé wọn. Kí gìrì tó dé, inú á ti máa rún ọmọ, á ti máa bì, oúnjẹ á sú u. Bí gìrì bá mú un lẹ́ẹ̀kan, á tún mú un, títí ọmọ á fi dákú lọ. Wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n lo oògùn yírunyírun, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Jámánì ló tú àṣírí: òjé (lead) ló kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, ní ìwọ̀n tí dókítà lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó má rí.

Ó kéré tán, 400 ọmọ ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Iye yẹn ni ìwé ìròyìn gbé kiri. A ó sọ̀rọ̀ nípa wọn níbí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ yìí dá lórí àwọn tí kò kú: ohun tí òjé ń ṣe nínú ọpọlọ tí kò tíì gbó, ìdí tí wọ́n fi ní láti tọ́jú ilẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ, àti ibi tí agbára oògùn mọ.

Bí òkúta ṣe wọlé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè Anka àti Bukkuyum. Ohun tó yí padà ni pé wúrà gbówó lórí lágbàáyé, èrò pọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n sì wá ń wa òkúta kan tí òjé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wúrà. Nínú òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn kan wà tí òjé inú wọn ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ń wá wúrà kò mọ̀ pé òjé ni òun ń gbé relé. Òkúta ni òkúta ń jẹ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù fọ́ òkúta náà, wọ́n á gún un nínú odó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọta: irú èyí tí wọ́n ń fi lọ ọkà, tó ń sọ òkúta gbígbẹ di ẹtù lúbúlúbú. Wọ́n á fi omi fọ ẹtù náà lórí pátákó tó dagun, ohun tó wúwo á dúró, ìyókù á bá omi lọ. Wọ́n á da mákúrì lé èyí tó dúró kó lè di wúrà mú, wọ́n á wá yan án lórí iná kí mákúrì lè fò lọ. Mákúrì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wúrà, òun náà sì ń ba ọpọlọ jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa àwọn ọmọ yìí. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń lọ òkúta ní gbígbẹ ni ikú ti jáde, torí pé ibẹ̀ ni òjé ti di eruku.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní àwọn abúlé náà jẹ́ ẹlẹ́hàá. Wọn kì í jáde lọ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ló ń wá bá wọn nílé. Ọkọ á gbé àpò òkúta wọlé, ìyàwó á gún un níbi tó ti ń dáná, tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní abúlé Dareta àti Yargalma, ìdá méjì nínú mẹ́ta agbo ilé tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ òkúta nínú ọgbà.

Ẹ wo òwúrọ̀ kan nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá àgbàlá tí wọ́n gún òkúta sí lánàá. Eruku dìde, ó sì balẹ̀ padà: sórí ẹní, sínú ìkòkò tí wọn kò dé, sí etí igbá omi. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ń rá lórí ilẹ̀ náà. Itọ́ ti rin ọwọ́ rẹ̀, ẹtù òkúta sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá tutù. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó tún gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sẹ́nu. Nígbà tó bá di ọ̀sán, odó kan náà ni wọ́n á fi gún ọkà. Ẹni tó bá sì gbé jéró lọ sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹni tó lọ òkúta, òjé ló gbé wálé pẹ̀lú ìyẹ̀fun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní erùpẹ̀ kan jẹ́ 400 ppm, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé máíkírógíráàmù 400 òjé ló wà nínú gíráàmù erùpẹ̀ kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù). Ìwọ̀n yẹn ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tí ó lè wà níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ohun tí ọmọ kékeré ń gbé mì lójúmọ́ láìmọ̀, bí àwọn onímọ̀ ṣe sábà ń ṣírò rẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù erùpẹ̀ lọ: ẹ̀kúnwọ́ kọ́, bíńtín tó lè lẹ̀ mọ́ ìka mẹ́ta ni. Ní 400 ppm, máíkírógíráàmù 40 òjé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àgbàlá kan ní Zamfara, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kà ju 100,000 ppm lọ. Bíńtín erùpẹ̀ kan náà wá di máíkírógíráàmù 10,000 lójoojúmọ́.

Nǹkan kan tún wà nínú òkúta náà tó mú ọ̀rọ̀ burú sí i. Òjé tó bá so mọ́ imí ọjọ́, bó ṣe máa ń wà nínú òkúta tó ti ìsàlẹ̀ jíjìn wá, kì í tètè yọ́ nínú ikùn. Òkúta tibí ti pẹ́ nítòsí ojú ilẹ̀; omi àti afẹ́fẹ́ ti yí apá ńlá nínú òjé rẹ̀ padà sí kábọ́nétì. Ìyẹn ni ásíìdì ikùn ń yọ́ láìjanpata. Abúlé méjì lè ní iye òjé kan náà nínú erùpẹ̀, kí ọmọ abúlé kan máa kú, kí ti ìkejì máa ṣeré, nítorí irú òjé tó wà níbẹ̀ nìkan.

Ohun tí òjé ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọdé

Bí àgbàlagbà bá gbé òjé mì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọdé lè tó ìdajì. Bí inú ọmọ bá ṣófo, ó ń fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irin kò bá sì tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí ìfun ń là sílẹ̀ láti wá irin ni òjé ń gbà wọlé. Ọmọ tí kò jẹun kánú, tí ibà ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó tó di pé òjé dé.

Inú ara kì í tètè dá òjé mọ̀ yàtọ̀ sí kálísíọ́ọ̀mù. Àwáwí kékeré kọ́ nìyẹn, torí kálísíọ́ọ̀mù ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá fẹ́ kọjá láti sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, kálísíọ́ọ̀mù ló ń ṣí i lọ́nà. Òjé á dúró sójú ọ̀nà náà, á dí i, tàbí kó ṣí i nígbà tí kò yẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí ó ń dí ni èyí tí ọpọlọ fi ń kọ́ nǹkan tuntun tó sì fi ń rántí rẹ̀. Láàárín ìbí àti ọdún mẹ́ta, ọpọlọ ọmọ ń so ojú ìsopọ̀ lọ́nà tí kò ní so mọ́ láyé. Èyí tí wọ́n bá ń lò ló ń dúró, èyí tí wọn kò lò ni ọpọlọ ń gé kúrò. Bí òjé bá ti da ìránṣẹ́ rú lásìkò yẹn, ọpọlọ á gé ohun tí kò yẹ kó gé, á sì fi ohun tó yẹ kó gé sílẹ̀. Kò sí àsìkò míì tí yóò tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Gìrì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí òjé bá pọ̀ jọjọ, ó ń ba ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín inú ọpọlọ jẹ́. Omi á máa jò, ọpọlọ á wú, agbárí kò sì ní àyè tó lè fẹ̀ sí. Ìwúlé yẹn ló ń fa gìrì, òun ló ń fa dídákú, òun náà ló ń pa ọmọ.

Ọlẹ̀ inú pàápàá kò bọ́. Òjé ń gba ibi ọmọ kọjá. Egungun sì ni ara ń tọ́jú rẹ̀ sí: nínú ẹ̀jẹ̀, ìdajì rẹ̀ lè lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 35, ṣùgbọ́n nínú egungun, ó lè lo ọdún púpọ̀. Bí obìnrin tó ti gún òkúta bá lóyún, tí ara rẹ̀ ń yọ kálísíọ́ọ̀mù láti inú egungun fún ọmọ, òjé á bá a jáde. Obìnrin lè ti pa iṣẹ́ òkúta tì, kí ọmọ tó bí lẹ́yìn rẹ̀ ṣì jogún rẹ̀.

Iye tí wọ́n kà

Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà àti àwọn mìíràn wọ Dareta àti Yargalma ní oṣù karùn-ún ọdún 2010. Agbo ilé 119 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ti kú láàárín ọdún kan, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin. Gìrì ló ṣáájú ikú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ 204 nínú àwọn tó kù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òjé rẹ̀ kéré ju 10 lọ nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà (máíkírógíráàmù ni gbogbo iye òjé inú ẹ̀jẹ̀ tí a ó máa dárúkọ níhìn-ín), 198 sì ti dé 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Kí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n yìí tẹ́lẹ̀ lè rí i bó ṣe rí: 3.5 ni ìwọ̀n tí CDC ń lò báyìí láti sọ pé ọmọ kan ti fara kó òjé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé kò sí iye kankan tí a mọ̀ tí kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Bí ó bá dé 70, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ní àwọn abúlé mẹ́jọ tí wọ́n padà wá fọ ilẹ̀ wọn, 149 ni ìwọ̀n àárín ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dára kí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò mọ àléébù méjì níbí. Ìkínní, ẹ̀rọ kékeré LeadCare II tí wọ́n ń gbé wọ abúlé kì í ka iye tó ju 65 lọ. Ó kàn máa sọ pé ó ga ni. Ọmọ tó ní 70 àti ọmọ tó ní 300 á jọ gba èsì kan náà, ẹni tí kò bá sì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kò ní mọ èyí tí yóò kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìkejì, níbi tí òjé wà nínú eruku, ó wà lórí ìka. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún lórí ìka tí wọn kò fi ọṣẹ fọ̀ dáadáa lè gbé òjé orí awọ ara wọnú ìgò. Ti inú iṣan apá ló ṣeé gbára lé.

Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọmọ 972 tó wá gba ìtọ́jú, wọ́n rí i pé bí òjé bá ṣe ga sí ni gìrì àti àìmọra ṣe ń pọ̀ sí, bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí òjé wọn ga gidigidi kò fi àmì kankan hàn. Wọ́n ń ṣeré. Ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́, a ò sì lè bá a wí.

Ilẹ̀ kọ́kọ́

Ohun tí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ ṣe ni pé kó sáré fún ọmọ ní oògùn. Nínú ọ̀rọ̀ òjé, àṣìṣe ni, àyàfi tí ọmọ bá ti ń kú lọ. Oògùn tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní kí òjé tuntun má wọlé. Bí ọmọ bá padà sí àgbàlá tó ní 50,000 ppm, ìwọ̀n rẹ̀ á ti padà sókè kí oṣù tó parí, oògùn ti ṣòfò, ara ọmọ sì ti rẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tí MSF fi sọ pé àwọn kò ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ abúlé tí wọn kò tíì fọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le létí, pàápàá fún òbí tó gbé ọmọ dání. Lójú tiwa, òun ló tọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ TerraGraphics láti Amẹ́ríkà ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ará abúlé ní iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àjọ Blacksmith Institute àti UNICEF. Oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2010 ni wọ́n fọ Dareta àti Yargalma, kí òjò tó lé wọn kúrò. Bó ṣe lọ rèé:

Wọ́n á mú ẹ̀rọ XRF, èyí tí ọwọ́ ń gbé bí ìbọn, wọ́n á kàn án mọ́ ilẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn: ẹnu ọ̀nà, ìdí ààrò, abẹ́ igi, inú yàrá. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ̀rọ á ti sọ iye òjé tó wà níbẹ̀. Ibi tó bá ju 1,000 ppm lọ, ọkọ́ ni: wọ́n á ha òkè erùpẹ̀ kúrò, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì ga, wọ́n á tún ha. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da erùpẹ̀ mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ ní ẹ̀yìn abúlé sí i, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 8, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tó bá wà láàárín 400 sí 1,000, erùpẹ̀ mímọ́ nìkan ni wọ́n ń fi bò ó. Èyí tí wọ́n kó kúrò ń lọ sínú kòtò ńlá tó jìnnà sí kànga, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ọkọ́ àti àpò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti máa ń yí dànù ni kéékèèké. Bí wọ́n bá ha ilẹ̀ nígbà tó gbẹ láìwọ́n omi sí i, eruku tí wọ́n fẹ́ kó kúrò á fẹ́ lọ sí ilé kejì. Bí wọ́n bá fọ àgbàlá tí wọ́n gbàgbé inú yàrá, ẹní tí ọmọ ń sùn lé ṣì kún fún un. Bí baálé kan bá fi àpò òkúta rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àká torí pé wúrà wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àwọn afọlẹ̀ bá lọ, ilẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ẹ̀míà Anka àti àwọn baálé fi wúlò tó ẹ̀rọ XRF: ẹnu wọn ló lè sọ pé kí lílọ òkúta jáde kúrò nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a padà.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà títí di oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n fọ Abare, Duza, Sunke, Tungar Daji àti Tungar Guru. Ó wá ku Bagega.

Oògùn, àti ibi tó dúró sí

DMSA ni orúkọ oògùn tí wọ́n lò jù. Ẹnu ni wọ́n ń gbà á lò. Ó ń di òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sì tọ̀ ọ́ jáde. Ìlànà tó wọ́pọ̀ kárí ayé ni mílígíráàmù 10 fún kílò ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà ní wákàtí méjìlá méjìlá fún ọjọ́ 14. Fún ọmọ kílò 8, mílígíráàmù 80 ni lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 43 lápapọ̀. Kápúsù ni, ọmọ kékeré kò sì lè gbé e mì, nítorí náà wọ́n ń tú u sínú oúnjẹ. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọmọ ọdún méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ á mọ ìdí tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ó wọlé. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí oògùn náà lè dín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ó sì lè dààmú ẹ̀dọ̀.

Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti wú nílò abẹ́rẹ́. Níbi tí abẹ́rẹ́ wà, ẹ ṣọ́ orúkọ ara ìgò dáadáa: CaNa2EDTA ni ti òjé. Na2EDTA, tí kò ní kálísíọ́ọ̀mù nínú, máa ń fa kálísíọ́ọ̀mù ara ọmọ jáde títí ọkàn á fi dúró. Ọmọdé ti kú nípa àṣìṣe orúkọ méjèèjì yìí ní Amẹ́ríkà.

Láàárín oṣù kẹfà 2010 àti oṣù kẹfà 2011, ọmọ 1,156 tí kò ju ọdún márùn-ún lọ gba ìpele ìtọ́jú DMSA 3,180. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà á tó ìpele méjì sí mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ni egungun. Bí oògùn bá gbọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ti inú egungun á máa jò wọ ẹ̀jẹ̀ padà, ìwọ̀n á tún gbéra. Èyí kò túmọ̀ sí pé oògùn kùnà. Àwọn ọmọ tó ti wà lẹ́nu ikú gbádùn, gìrì dáwọ́ dúró, ikú dín kù gidigidi. Ohun tí oògùn náà wà fún nìyẹn.

Ohun tí kò wà fún ni ọpọlọ. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tó yanjú èyí: ọmọ 780 tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 sí 44, wọ́n fún apá kan ní DMSA, wọ́n fún apá kejì ní oògùn òfìfo. Èsì jáde ní ọdún 2001. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo oògùn lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dán òye, ìwà àti ìfọkànsí wọn wò, kò sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Wọ́n tún dán wọn wò ní ọmọ ọdún méje. Kò sí ìyàtọ̀. Ìsopọ̀ tí òjé ti dà rú kò padà torí pé òjé jáde.

Bagega

Bagega ló tóbi jù nínú àwọn abúlé mẹ́jọ náà. Ibi ìlọta ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2011 parí, wọn kò tíì fọ ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù karùn-ún 2012 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦850 mílíọ̀nù fún iṣẹ́ náà. Owó náà kò jáde títí di oṣù kìíní 2013. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó parí ní oṣù keje ọdún náà.

Àwọn kan máa ń ka àkókò yẹn sí ọ̀rọ̀ ìwé àti ìbuwọ́lù. Ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ kà á. Ọmọ tí wọ́n bí ní Bagega nígbà tí wọ́n ń fọ Dareta, ọjọ́ tí ọkọ́ kọ́kọ́ kan ilẹ̀ àgbàlá tirẹ̀, ó ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀. Gbogbo àsìkò tí ọpọlọ rẹ̀ ń so ojú ìsopọ̀, inú eruku náà ló ti lò ó.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ti kó erùpẹ̀ àti pàǹtí òkúta tó tó mítà kúbíìkì 27,000 kúrò ní ilé 820 àti ibi ìlọta àwọn abúlé mẹ́jọ náà. Ìwọ̀n àárín òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ ti sọ̀kalẹ̀ láti 149 sí 15.

Àwọn tó kù

Àṣeyọrí ńlá ni 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 149. Bí a bá gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn, dókítà á pe òbí ọmọ náà lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an. Méjèèjì jẹ́ òótọ́.

Nínú àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan tó jáde ní ọdún 2005, ọmọ 1,333 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn láti kékeré. Bí òjé ẹ̀jẹ̀ bá gòkè láti 2.4 sí 10, ọmọ ń pàdánù nǹkan bíi máàkì 3.9 nínú ìdánwò òye. Láti 10 sí 20, ó jẹ́ 1.9 sí i. Láti 20 sí 30, 1.1. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń mú lọ jù. Ẹni tó bá rò pé ìwọ̀n kékeré kò ṣe nǹkan ti gbé ọ̀rọ̀ kọ orí kodò.

Máàkì ìdánwò sì ni apá tó rọrùn láti kà. Ìyókù ń wá gẹ́gẹ́ bí ìwà: ọmọ tí kò lè jókòó, tí kò lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, tí inú ń tètè bí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣáájú ìrònú rẹ̀. Etí rẹ̀ lè má gbọ́ ohùn kan dáadáa, kí olùkọ́ sì máa sọ pé aláìgbọràn ni. Bí gìrì bá ti mú un rí, wárápá lè tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn tó bọ́ nínú ikú ní Zamfara, àwọn kan di afọ́jú, àwọn kan kò lè rìn mọ́. Ìwọ̀nyí làwọn tí ojú rí. Ọmọ tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀kọ́ kàn ń bọ́ lórí rẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n á pè é.

Ohun tó ṣeé ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó wà. Irin nínú oúnjẹ, kí ẹnu ọ̀nà tí òjé ń gbà lè dín. Oúnjẹ kí ebi tó pa á. Àyẹ̀wò etí kó tó wọ iléèwé. Olùkọ́ tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí, tó ń fún un ní iṣẹ́ ní kéékèèké, tó ń pè é jókòó síwájú. Àti pé kí wọ́n máa wọn òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí bó bá tún gòkè lójijì, ẹnì kan ti gbé òkúta wọlé padà.

Fún oníṣègùn ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń wa kùsà, tí wọ́n ń yọ́ bátìrì àtijọ́ tàbí tí wọ́n ń ha ọ̀dà ògbólógbòó: ọmọ tí gìrì mú, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, tí inú sì ti ń rún ún tẹ́lẹ̀, ẹ bi òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, àti pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ má sì gún ẹ̀yìn rẹ̀ láti fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí ẹ tó ronú nípa òjé. Bí ọpọlọ bá ti wú, abẹ́rẹ́ yẹn lè fa á bọ́ sísàlẹ̀ kó sì pa á.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìròyìn jáde láti Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ìpínlẹ̀ Niger. Ọmọ 28 ti kú. Gìrì ni, àgbàlá ni, òkúta wúrà ni wọ́n ń lọ.